Ta ló rán an?

Ẹ jókòó, ìtàn yìí gùn díẹ̀.

Sátidé tó kọjá, èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi méjì wọ bọ́ọ̀sì láti Brighton, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ sí òkè kan tí wọ́n ń pè ní Devil's Dyke. Ọ̀rẹ́ wa kẹta ti ṣáájú. Ó di hang glider rẹ̀ sórí mọ́tò, torí ó gùn ju ohun tí bọ́ọ̀sì lè gbà lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ò bá mọ̀ ọ́n: ìyẹ́ aṣọ ńlá kan ni, páìpù ló tẹ́ ẹ, kò ní ẹ́ńjìnnì. Ẹ ó so ara yín rọ̀ sábẹ́ rẹ̀ bí àdán, ẹ ó sáré láti orí òkè títí ilẹ̀ á fi tán lábẹ́ ẹsẹ̀ yín.

Ohun tí fídíò kì í fi hàn yín ni ìdúró. Láti aago mẹ́wàá àárọ̀ la ti wà níbẹ̀, búrẹ́dì wa ti tán, kò tíì fò. Àríwá ni òkè yẹn kọjú sí, ó sì di dandan kí afẹ́fẹ́ ti àríwá wá kọlù ú. Tó bá ti kọlù ú, kò ní ibòmíràn tó máa gbà ju kó gun òkè lọ, ẹni tó bá wà lójú ọ̀nà rẹ̀ á sì bá a gòkè. Àmọ́ tó bá gba ẹ̀yìn wá, ṣe ló máa ń dà gììrì sísàlẹ̀. Èèyàn kì í bá ìyẹn ṣeré o.

Aago méjì kọjá kí afẹ́fẹ́ tó yí. Ọ̀rẹ́ wa gbẹ́sẹ̀ bíi mẹ́rin, ó ti wà lókè. Mo ya fídíò, mo fi ránṣẹ́ sí màmá mi ní Abẹ́òkúta. Tẹ́lọ̀ ni wọ́n. Wọ́n dá mi lóhùn lórí WhatsApp: "Ẹ kú ìgbádùn o. Ta ló rán aṣọ yẹn? Ojú abẹ́rẹ́ ẹ̀ mọ́."

Mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ojú tì mí díẹ̀. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, tí wọ́n bá bi mí ní iṣẹ́ màmá mi, "oníṣòwò" ni mo máa ń sọ. Mi ò ń fẹ́ pe tẹ́lọ̀.

Mo bi ọ̀rẹ́ mi ta ló ṣe irú ìyẹ́ yìí. Ó ní, "Rogallo." Mo rò pé ọkùnrin kan ni. Mo wá lọ kàwé lóru.

Aṣọ ti wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Otto Lilienthal, ará Jámánì, ta aṣọ òwú sórí igi tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ti fò ju ìgbà 2,000 lọ láti 1891. Ní 1894 ó ní kí wọ́n kó erùpẹ̀ jọ di òkè oníwọ̀n mítà 15 nítòsí Berlin, kó lè sáré sọ̀ kalẹ̀ láti ibikíbi tí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ wá. (Ẹni yẹn ò fẹ́ jókòó dúró de afẹ́fẹ́ bíi tiwa!) Àmọ́ apá ló fi ń rọ̀ mọ́ ìyẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ àti ìbàdí nìkan ló lè jù síwá sẹ́yìn láti darí rẹ̀. Ní August 9, 1896, imú ìyẹ́ náà gbé sókè, kò rí i tẹ̀ sílẹ̀ mọ́. Ó já bọ́, ọrùn rẹ̀ ṣẹ́, ó kú lọ́jọ́ kejì.

Ẹ jẹ́ ká fo àádọ́ta ọdún. Ní Virginia, Amẹ́ríkà, Francis Rogallo ń ṣiṣẹ́ níbi tí ìjọba ti ń ṣèwádìí ọkọ̀ òfuurufú. Ní alẹ́, òun àti Gertrude ìyàwó rẹ̀ ń dán ìyẹ́ tí kò ní egungun wò nínú ilé, fáànù ni wọ́n fi ń ṣe afẹ́fẹ́. Kọ́tìnì kíṣìnì ni wọ́n gé, Gertrude ló rán an. Ọdún 1948 ló fò. Ìwé pátẹ́ǹtì jáde ní 1951, orúkọ àwọn méjèèjì ló wà níbẹ̀. Káìtì ọmọdé ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe tà. Nígbà tó yá, NASA dán an wò bóyá ó lè gbé àwọn tó ń bọ̀ láti òfuurufú sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n tó padà sí páráṣúùtì. Àwọn Rogallo yọ̀ǹda pátẹ́ǹtì náà fún ìjọba lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní 1963, John Dickenson ní Grafton, Australia, so irin onígun mẹ́ta mọ́ irú ìyẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì jẹ́ kí gbogbo ara èèyàn rọ̀ láti àárín. Gbogbo ara ti wá ń darí rẹ̀, kì í ṣe ẹsẹ̀ nìkan mọ́. Mo rò ó pé ohun tí Lilienthal ò ní gan-an nìyẹn.

Mo pe màmá mi láàárọ̀ Sọ́ńdè, mo ní, "Mọ́mì, obìnrin kan ló rán àkọ́kọ́. Kọ́tìnì ilé ìdáná ẹ̀ ló lò." Mo ro gbogbo ẹ̀ fún wọn, títí kan ti pátẹ́ǹtì.

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Nítorí náà, wọn ò sanwó ìránṣọ fún un?"