Ẹ́ńjìnnì Òkèèrè Lórí Ọkọ̀ Igi: Ìtàn Iṣẹ́ Ọwọ́ Kan ní Etí Omi Àgbádárìgì

Ẹ́ńjìnnì tí a ń gbé kọ́ ìdí ọkọ̀ ojú omi kò bá ọkọ̀ tirẹ̀ wá sí etí omi Àgbádárìgì. Amẹ́ríkà, Yúróòpù àti Japan ni wọ́n ti rọ ẹ́ńjìnnì náà. Inú igbó ilẹ̀ Adúláwọ̀ ni wọ́n ti gé igi tí wọ́n fi gbẹ́ ọkọ̀. Ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ilẹ̀kùn ni àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnnì ní lọ́kàn, kí ìdè ẹ́ńjìnnì lè rí ibi dì mú. Ọkọ̀ àwọn ará etí omi kò rí bẹ́ẹ̀: orí rẹ̀ ṣóńṣó, ìdí rẹ̀ náà ṣóńṣó. Kí àwọn méjèèjì tó lè bá ara wọn ṣiṣẹ́, ohun kẹta ní láti wà láàárín wọn. Káfíńtà, alágbẹ̀dẹ àti wẹ́dà etí omi ló ṣe ohun kẹta náà.

  Omi tóóró tó gùn lọ láti Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Benin, ní ìwọ̀-oòrùn, ń gba iwájú Àgbádárìgì kọjá títí dé èbúté Èkó ní ìlà-oòrùn. Ní gbogbo agbègbè Àgbádárìgì, omi yìí kò ní ẹnu tó ṣí sí òkun; ilẹ̀ iyanrìn ló pààlà sí àárín wọn. Nítorí náà, omi méjì tí ìwà wọn kò jọra ni àwọn ará ibẹ̀ ń bá lò: ọ̀sà tó rọlẹ̀ tí kò sì jìn, àti òkun tí ìgbì rẹ̀ ń fọ́ lu iyanrìn tọ̀sán tòru. Ọkọ̀ tí wọ́n ń lò ní ibi méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà.

Àjẹ̀, ọ̀pá gígùn tí a fi ń ti ìsàlẹ̀ omi, àti ìgbòkun ló ń gbé àwọn ọkọ̀ yìí rìn fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Àwọn Àwórì, àwọn Ògù tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní Ẹ̀gùn, àwọn Ìlàjẹ àti àwọn Ìjọ ló pín ojú omi náà lò. Nígbà tí arìnrìn-àjò Hugh Clapperton dé Àgbádárìgì ní 1825, tí àwọn arákùnrin Lander dé ní 1830, tí àwọn oníwàásù Thomas Birch Freeman àti Henry Townsend sì dé ní 1842, ọkọ̀ òkun ńlá kò lè gúnlẹ̀ sí etíkun náà. Ọkọ̀ igi ló máa ń la ìgbì kọjá láti kó èrò àti ẹrù wá sí orí iyanrìn. Lójú ọ̀sà, ọkọ̀ igi náà ló ń kó ẹja, àgbọn, iyọ̀ àti gaàrí lọ sí ọjà.

Igi ńlá kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń gbẹ́ èyí tó dára jù nínú ọkọ̀ igi tó ń wọ òkun. Àrèrè ni igi tí àwọn agbẹ́kọ̀ fẹ́ràn. Wawa ni orúkọ rẹ̀ ní Ghana, samba sì ni àwọn tó ń sọ Faransé ń pè é. Ó fúyẹ́, ó rọrùn láti gbẹ́, kì í sì í tètè sán. Bí wọ́n bá ti gbẹ́ ẹ tán, wọ́n á kan pátákó mọ́ etí rẹ̀ kí ìgbì má baà bò ó. Orí àti ìdí rẹ̀ tó ṣóńṣó ní ìdí pàtàkì. Ọkọ̀ tó ń wọ òkun gbọ́dọ̀ gé ìgbì tó dojú kọ ọ́. Bí ó bá ń bọ̀ wá sílé, ìgbì tó ń lé e láti ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ pín sí méjì ní ìdí rẹ̀. Bí ìdí ọkọ̀ bá tẹ́ pẹrẹsẹ, ìgbì ẹ̀yìn yóò gbá a, yóò sì yí i dànù. Ìrísí tó ń dáàbò bo ẹ̀mí yìí gan-an ni kò gba ẹ́ńjìnnì láyè.

Ole Evinrude, ọmọ ilẹ̀ Norway tó fi Amẹ́ríkà ṣe ilé, ló kọ́kọ́ ṣe ẹ́ńjìnnì àgbékọ́ tí ọjà rẹ̀ tà dáadáa, ní ìlú Milwaukee ní 1909. Agbára rẹ̀ kò ju ti ẹṣin kan àbọ̀ lọ. Àwọn ará Japan wọ inú òwò náà lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì: Tohatsu ní 1956, Yamaha ní 1960, Suzuki ní 1965. Àwọn ará Japan ló wá gba ọjà Ìwọ̀-Oòrùn Adúláwọ̀ mọ́ àwọn tó ṣáájú wọn lọ́wọ́, torí pé ẹ́ńjìnnì wọn kò díjú, ó ń fara da iṣẹ́ àṣekára, ẹ̀yà ìpààrọ̀ rẹ̀ sì ń wọlé sí ọjà.

Nínú àwọn ọdún 1950 ni àwọn apẹja Senegal bẹ̀rẹ̀ sí gbé ẹ́ńjìnnì kọ́ ọkọ̀ igi wọn. Ghana tẹ̀ lé wọn ní òpin àwọn ọdún náà. Láti ibẹ̀ ni àṣà náà ti bá etíkun rìn wá sí Togo, Benin àti Nàìjíríà. Àwọn apẹja Ghana kópa nínú rẹ̀, pàápàá àwọn Ewe tí a ń pè ní Kétà. Wọ́n ti ń tẹ̀ lé ẹja wá sí etíkun Àgbádárìgì kí ẹ́ńjìnnì tó dé rárá, àwọn àti àwọ̀n ńlá tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fà láti orí iyanrìn. Ọkọ̀ wọn àti ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lò ó di ohun tí àwọn ará ibẹ̀ mọ̀ dunjú.

Ọ̀nà tó gbilẹ̀ jù lọ láti Ghana títí dé Àgbádárìgì ni pé kí a fi ìdí ọkọ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, kí a gbé ẹ́ńjìnnì kọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítòsí ìdí. Káfíńtà tàbí wẹ́dà yóò ṣe ìjókòó fún un: igi líle tàbí irin tó yọ síta láti etí ọkọ̀, tí pátákó tó nípọn wà lórí rẹ̀. Bóòtù ni wọ́n fi ń mú un mọ́ ara ọkọ̀. Orí pátákó yìí ni àwọn ìdè méjì tó wà lára ẹ́ńjìnnì yóò ti di mú. Wọ́n tún ń so okùn tàbí ṣéènì mọ́ ọn, nítorí pé bí ìdè bá tú lójú òkun, ẹ́ńjìnnì náà ti lọ nìyẹn.

Gíga ìjókòó yìí ló ń pinnu bóyá iṣẹ́ náà yóò yọrí sí rere. Oríṣi méjì tó wọ́pọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì ni ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú, tí a ṣe fún ìdí ọkọ̀ tó ga tó íǹṣì 15, àti ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, tí a ṣe fún íǹṣì 20. Irin pẹlẹbẹ kan wà lókè abẹ̀bẹ̀ tó ń yí nínú omi. Irin yẹn gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ìsàlẹ̀ ọkọ̀ dọ́gba. Bí ìjókòó bá ga jù, abẹ̀bẹ̀ yóò máa fa afẹ́fẹ́, ẹ́ńjìnnì yóò máa ké, ọkọ̀ kò sì ní rìn. Bí ó bá rẹlẹ̀ jù, omi yóò máa fà á sẹ́yìn, abẹ̀bẹ̀ yóò sì máa gbá ilẹ̀ níbi tí ọ̀sà kò bá jìn. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ igi kan kì í ga bíi ti èkejì, nítorí náà kò sí ìwọ̀n kan tó bá gbogbo wọn mu. Oníṣẹ́ ní láti wọn ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ó gbé e sómi, kí ó tún un gé.

Ẹ́ńjìnnì tó wà lápá kan tún ní ìṣòro tirẹ̀. Bí ó bá wà lápá ọ̀tún, yóò máa ti orí ọkọ̀ sí òsì, atukọ̀ sì gbọ́dọ̀ máa fi ọwọ́ ìtọ́kọ̀ dá a padà láìsinmi. Bí ìgbì bá gbé apá náà sókè, abẹ̀bẹ̀ lè yọ kúrò nínú omi. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ṣọ́ra bí wọ́n ṣe ń to ẹrù, tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ igi òkun kò sì ju àjẹ̀ ńlá ìtọ́kọ̀ sílẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì tilẹ̀ wà.

Àwọn mìíràn gba ọ̀nà tó yàtọ̀. Ní Senegal, wọ́n ń dá ihò onígun mẹ́rin sí apá ẹ̀yìn ọkọ̀, kí ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì lè gba inú rẹ̀ wọ omi. Lójú ọ̀sà Èkó àti ti Àgbádárìgì, níbi tí ìgbì ńlá kò sí, àwọn tó ń fi pátákó kan ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gé ìdí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Níbi ìgbì, ẹ́ńjìnnì ló bá ọkọ̀ mu. Níbi omi rírọ̀, ọkọ̀ ló yípadà fún ẹ́ńjìnnì.

Owó epo rọ̀bì àwọn ọdún 1970 mú kí ẹ́ńjìnnì pọ̀ sí i, òpópónà Èkó sí Àgbádárìgì tí wọ́n là nígbà náà sì gba ọ̀pọ̀ èrò lọ́wọ́ ọkọ̀ omi. Ní 1986, nígbà tí ìjọba Ibrahim Babangida bẹ̀rẹ̀ ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, owó náírà já wálẹ̀, iye ẹ́ńjìnnì tuntun sì ga kọjá agbára apẹja kékeré. Ojú wá yí sí tòkunbọ̀. Àkókò yìí ni fífi ẹ̀yà ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ kan sára ti òmíràn di iṣẹ́ gidi fún mẹkáníìkì. Ìlànà kan náà ni gbogbo wọn fi ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu rọ́bà epo Yamaha kì í wọ ti Suzuki, ti Tohatsu náà yàtọ̀. Mẹkáníìkì ní láti gé e kí ó fi ẹnu mìíràn sí i. Abẹ̀bẹ̀ tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé iye eyín inú ihò rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti ọ̀pá tó ń yí i mu. Bí eyín kò bá dọ́gba, agbára kò lè mú un wọlé.

Ọdún méjì ṣáájú ètò àtúntò yẹn, ní 1984, ọ̀tá mìíràn ti dé láti apá Àjàṣẹ́. Ewéko tó ń léfòó, tí òdòdó rẹ̀ jọ àwọ̀ àlùkò, gba omi Àgbádárìgì wọ Nàìjíríà. Ó yàtọ̀ sí ojú oró àti òṣíbàtà tí Yorùbá ti mọ̀ tipẹ́. Ó ń pọ̀ sí i kíákíá, ó ń di ojú omi pa, ó ń wé mọ́ abẹ̀bẹ̀, ó sì ń dí ojú ihò tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa omi tó ń tù ú lára. Nígbà mìíràn, àjẹ̀ àtijọ́ nìkan ló lè gba ọkọ̀ kọjá.

Lónìí, Àjọ Ọ̀nà Omi Ìpínlẹ̀ Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní 2008, wà lára àwọn tó ń bójú tó ìrìnnà ojú omi, ọkọ̀ oníke tí ìdí rẹ̀ tẹ́ sì ń gba ipò ọkọ̀ igi nínú iṣẹ́ akérò. Lẹ́yìn tí ìjọba àpapọ̀ kéde òpin owó ìrànwọ́ orí epo ní 29 oṣù Karùn-ún 2023, ìnáwó epo wá di ẹrù tó wúwo jù lọ́rùn ẹni tó ní ẹ́ńjìnnì. Síbẹ̀, ọkọ̀ igi ṣì ń wọ òkun lọ pẹja ní etíkun Àgbádárìgì, ẹ́ńjìnnì Japan sì ń kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ òkèèrè ló kọ orúkọ sára ẹ́ńjìnnì náà. Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni lára ìjókòó tó gbé e dúró, bẹ́ẹ̀ sì rèé, láìsí i, ẹ́ńjìnnì náà ì bá jẹ́ irin lásán lórí iyanrìn.