Àpáàdì Ni Ẹlẹ́rìí: Gíláàsì Ilé-Ifẹ̀ àti Ojúṣe Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Yunifásítì

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yunifásítì tó bá kó ìlẹ̀kẹ̀ dídán jọ, tó sì pa àpáàdì ìkòkò tí wọ́n fi yọ́ gíláàsì tì, ti pa ẹ̀rí tì. Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀ ni mo fi gbe ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹ̀.

Lọ́dún 1910 ni Leo Frobenius, ará Jámánì, walẹ̀ níbẹ̀, tó bá ìlẹ̀kẹ̀ àti ìkòkò tí gíláàsì lẹ̀ mọ́ nínú. Síbẹ̀, ó pẹ́ tí àwọn onímọ̀ fi ń sọ pé gíláàsì òkè òkun ni Ifẹ̀ kàn ń yọ́ tún ṣe. Èrò náà kò ṣàìlẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àwọn Masaga, oníṣẹ́ gíláàsì ní Bídà, ń yọ́ ìgò ṣe ìlẹ̀kẹ̀ títí dòní; iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni ìlẹ̀kẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ibòmíràn ni gíláàsì rẹ̀ ti wá. Nítorí náà, ìlẹ̀kẹ̀ nìkan kò lè parí àríyànjiyàn yìí.

Ohun tó parí rẹ̀ ni èròjà inú gíláàsì. Lọ́dún 2006, àwọn onímọ̀ James Lankton, Akin Ige àti Thilo Rehren fi hàn pé láìmù àti álúmínà pọ̀ nínú gíláàsì Ifẹ̀ ju ti Yúróòpù àti ti ilẹ̀ Lárúbáwá lọ. Lẹ́yìn náà, awalẹ̀pìtàn Abidemi Babalola hú ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 12,000 àti àfọ́kù ìkòkò tó lé ní 800 ní Igbó Olókun, láti nǹkan bí ọ̀rúndún 11 sí 15. Èròjà kan náà ló wà nínú ìlẹ̀kẹ̀ àti nínú gíláàsì tó lẹ̀ mọ́ àpáàdì. Yanrìn ilẹ̀ ibẹ̀ bá a mu. Ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n fi ìkarahun ìgbín kún un fún láìmù. Irú ìlẹ̀kẹ̀ yìí dé Gáò ní Mali.

Ẹnìkan lè ní àyè kò tó, àti pé ẹwà ni àlejò ń wá wò. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gé ìlẹ̀kẹ̀ aláìlẹ́gbẹ́ láti yẹ inú rẹ̀ wò? Àpáàdì ṣeé gé. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Petrie ní University College London ṣì tọ́jú pàǹtírí iṣẹ́ gíláàsì tí awalẹ̀pìtàn Flinders Petrie hú ní Amarna, ní Íjíbítì, lọ́dún 1891 sí 1892. Àwọn onímọ̀ ṣì ń kọ́ ẹ̀kọ́ lára rẹ̀.

Kí a gbé àpáàdì sí ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kẹ̀, kí a sì kọ ibi tí a ti hú u àti bó ṣe jìn tó nínú ilẹ̀ sára rẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ ń fi ọlá ẹni tó wọ̀ ọ́ hàn. Àpáàdì ló ń jẹ́rìí ọgbọ́n ẹni tó ṣe é.