Ìtọ́jú igi bonsai tí ó ń ṣàìsàn nínú ilé

Bonsai ni igi tí a gbìn sínú àwo pẹlẹbẹ, tí a ń rẹ́ ẹ̀ka àti gbòǹgbò rẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà, kí ó lè kéré síbẹ̀ kí ó jọ àgbà igi inú igbó. Láti inú èdè Japan ni orúkọ náà ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ohun tí a gbìn sínú àwo; ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn ará Ṣáínà ni iṣẹ́ náà ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Kíkéré igi náà kò dí ẹ̀mí gígùn rẹ̀ lọ́wọ́. Igi páìnì kan wà tí wọ́n ti ń tọ́jú nínú àwo láti ọdún 1625, tí ó la bọ́ǹbù Hiroshima já ní ọdún 1945. Masaru Yamaki fi í ta Amẹ́ríkà lọ́rẹ ní ọdún 1976, ó sì wà ní Washington.

Igi tí ó bá Àkókó mu

Páìnì àti àwọn igi ilẹ̀ olótùútù mìíràn kì í gbádùn ooru ilẹ̀ Yorùbá. Èyí tí ó yẹ jù ni ọdán, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Ficus thonningii, igi kan náà tí ọ̀pọ̀ ìlú ń gbìn sí ọjà fún ibòòji. Ẹbí rẹ̀ ni àwọn Ficus tí a sábà máa ń tà kárí ayé fún bonsai inú ilé. Síbẹ̀, kò sí igi tí a dá fún inú ilé, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àìsàn ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìkàrẹ́, olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá-Ìlà Oòrùn Àkókó, àti Ọ̀kà, olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Gúúsù-Ìwọ̀ Oòrùn Àkókó, wà láàárín àwọn òkè olókùúta ní apá àríwá Ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí igbó ti ń di ọ̀dàn. Nígbà òjò, erùpẹ̀ inú àwo lè tutù fún ọjọ́ púpọ̀. Nígbà ọyẹ́, ní nǹkan bí oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, afẹ́fẹ́ gbígbẹ láti aṣálẹ̀ Sàhárà lè gbẹ erùpẹ̀ kan náà láàárín ọjọ́ kan, eruku yóò sì bo ewé. Ẹni tí ó bá ń bomi rin igi rẹ̀ lọ́nà kan náà ní gbogbo ọdún yóò fi omi pa á nígbà òjò tàbí kí ó fi òǹgbẹ pa á nígbà ọyẹ́.

Bí a ṣe ń mọ àìsàn náà

Ewé igi tí omi pọ̀ jù fún àti ewé igi tí òǹgbẹ ń gbẹ máa ń rọ bákan náà. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń da omi sí igi tí omi ti fẹ́ pa. Ìka ni kí a kọ́kọ́ tì bọ inú erùpẹ̀. Bí ó bá tutù tí ó sì ń rùn, kí a yọ igi náà wò: gbòǹgbò tí ó le dáadáa ṣì yè, èyí tí ó dúdú tí èèpo rẹ̀ ń bọ́ ti jẹrà.

Kí a má tètè sọ igi tí ewé rẹ̀ re nù. Ọdán àti ẹbí rẹ̀ máa ń wọ́wé bí a bá kàn gbé wọn kúrò ní ipò wọn. Kí a fi èékánná ha èèpo ẹ̀ka díẹ̀. Bí abẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ àwọ̀ ewé, ẹ̀mí ṣì wà níbẹ̀.

Ìtọ́jú

A ó fi ọ̀bẹ mímọ́ gé gbòǹgbò tí ó jẹrà kúrò, a ó sì pààrọ̀ erùpẹ̀. Iyanrìn gbàràgbàrà tí àgbàrá ń kó wálẹ̀ láti ara àwọn àpáta dára fún èyí, bí a bá sẹ́ ẹ tí a sì fọ eruku rẹ̀ kúrò. A lè po èédú wẹ́wẹ́ àti ilẹ̀dú díẹ̀ mọ́ ọn. Àwo gbọ́dọ̀ ní ihò nídìí, kò sì gbọdọ̀ jókòó sínú omi.

Lẹ́yìn náà, kí a gbé igi sí ẹ̀bá fèrèsé tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé dáadáa, tàbí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí oòrùn àárọ̀ ń kàn, kí a sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Oòrùn ọ̀sán gangan lójijì yóò jó ewé rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, kí a máa fi aṣọ tútù nu eruku ewé. Kòkòrò funfun bí òwú, tàbí èyí tí ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀ka bí èépá, ni a ó fi omi ọṣẹ tí kò le nù kúrò léraléra.

Ajílẹ̀ kì í ṣe oògùn: gbòǹgbò tí ó ń ṣàìsàn kò lè lò ó, ó sì lè jó o. Kí a dúró títí ọ̀mùnú tuntun yóò fi yọ, èyí tí ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí abẹ́ èèpo bá gbẹ láti orí títí dé ìdí, igi náà ti kú. A lè fọ àwo rẹ̀ dáadáa, kí a sì gé ẹ̀ka ọdán mìíràn láti ìta rì sínú rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, nítorí ẹ̀ka ọdán kì í pẹ́ ta gbòǹgbò.