Asofẹ́yẹjẹ, Lithium àti Sùúrù: Bí Oògùn Àrùn Ọpọlọ Ṣe Dé Ọ̀dọ̀ Wa

Ní sáà tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan fi páálí oògùn kan hàn mí nínú yàrá rẹ̀ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Dókítà ló kọ ọ́ fún un nítorí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó ti ń bá a fínra láti ìgbà tó wà ní ọdún kejì. Ó lò ó fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó sì pa á tì. Ó ní, "Ẹnu mi ń gbẹ, oorun ń kùn mí ní kíláàsì, inú mi kò sì dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kí ni mo wá ń lò ó fún?"

Mi ò rí èsì fún un. Ẹ̀kọ́ ìtàn ni mò ń kọ́, mi ò kì í ṣe dókítà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ lé mi lọ sí láíbìrì, ibẹ̀ ni mo sì ti rí i pé kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ bi í. Àwọn tó ṣàwárí àwọn oògùn wọ̀nyí gan-an bi ara wọn ní irú rẹ̀. Ìtàn náà sì súnmọ́ ilé ju bí mo ṣe rò lọ.

Igi tó ń so fún ẹyẹ jẹ

Ọ̀pọ̀ nínú wa ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi asofẹ́yẹjẹ lọ́nà oko láìmọ orúkọ rẹ̀. Igi kékeré ni, èso rẹ̀ a máa pọ́n, ẹyẹ a sì máa ṣà á jẹ. Rauwolfia vomitoria ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é. Kí òyìnbó tó gbé ilé ìwòsàn wèrè kalẹ̀ ní Yábàá ní 1907 ni àwọn oníṣègùn wa ti ń fi gbòǹgbò rẹ̀ tọ́jú wèrè. Ẹni tí kò sùn fún ọjọ́ púpọ̀, tó ń pariwo, tó ń bá ènìyàn jà, bó bá mu ún, ara rẹ̀ a rọlẹ̀, oorun a sì gbé e lọ. Kì í ṣe àmulò ẹ̀ẹ̀kan náà. Aláìsàn a máa gbé ní agbo ilé oníṣègùn fún oṣù mélòó kan, nígbà mìíràn pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lẹ́sẹ̀, ohun tí a kò gbọdọ̀ fi bò nínú ìtàn yìí.

Ní Íńdíà, àwọn náà ní igi tó jẹ́ ìbátan asofẹ́yẹjẹ, Rauwolfia serpentina. Ní 1931, dókítà méjì níbẹ̀, Sen àti Bose, kọ ọ́ sínú ìwé pé ó wúlò fún wèrè àti fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní 1952, àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì ilé iṣẹ́ Ciba ní Switzerland yọ èròjà inú gbòǹgbò náà jáde, wọ́n sọ ọ́ ní reserpine. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Nathan Kline ròyìn bí ó ṣe ṣiṣẹ́ lára àwọn aláìsàn ọpọlọ ní New York.

Ní ọdún 1954 yìí kan náà ni Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tó kàwé ní Birmingham, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aro. Dípò kí ó ti aláìsàn mọ́lé, ó fi wọ́n sí àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká, pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí kan tí yóò máa se oúnjẹ fún wọn, tí yóò sì máa mú wọn wá gba ìtọ́jú. Lambo gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra láti bá a ṣiṣẹ́. Ní 1957, dókítà ará Kánádà kan, Raymond Prince, dé Aro, ó sì lọ jókòó ti àwọn oníṣègùn wọ̀nyí. Ní 1960, ó kọ̀wé nípa bí wọ́n ṣe ń lo asofẹ́yẹjẹ sínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà.

Ṣùgbọ́n reserpine ní wàhálà tirẹ̀. Ó ń dí imú, ó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀ jù, ó sì ń mú kí oorun máa kun ènìyàn lọ́sàn-án gangan. Wọ́n tún kíyè sí i pé inú àwọn kan tó ń lò ó bàjẹ́ gidigidi. Àwọn onímọ̀ kò gbójú fo èyí. Wọ́n wádìí, wọ́n sì rí i pé reserpine ń fa àwọn èròjà kan gbẹ nínú ọpọlọ, àwọn tó ń gbé ìròyìn láti ibì kan sí ibòmíràn, serotonin wà lára wọn. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ronú pé ó ṣeé ṣe kí èròjà wọ̀nyí ní ọwọ́ nínú ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Lónìí, a mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà díjú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ìráhùn aláìsàn ló ṣí ìlẹ̀kùn yẹn.

Ọkùnrin tó pa oògùn tì

Ìtàn tó mú mi rántí ọ̀rẹ́ mi jù ni ti lithium. John Cade jẹ́ dókítà ará Ọsirélíà tó ti lo ọdún mẹ́ta àti àbọ̀ ní àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n ogun àwọn ará Japan ní Changi. Nígbà tó padà sílé, ó ń ṣe ìwádìí nínú yàrá kékeré kan ní ilé ìwòsàn ìtòsí Melbourne. Ó rí i pé iyọ̀ lithium ń mú kí àwọn ẹranko tó fi ń ṣe ìwádìí dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ó kọ́kọ́ lo oògùn náà fúnra rẹ̀, lẹ́yìn náà ló fún àwọn aláìsàn.

Ẹni àkọ́kọ́ jẹ́ ọkùnrin ẹni ọdún 51. Ó ti tó ọdún márùn-ún tí orí rẹ̀ ti gbóná sódì, tí oorun kò kun ojú rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ kò dá lẹ́nu rẹ̀, tí kò sí ẹni tó retí pé yóò tún kúrò níbẹ̀ mọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ara rẹ̀ balẹ̀. Láàárín oṣù mélòó kan, ó padà sílé, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, kò lo oògùn náà déédéé mọ́, ó sì dáwọ́ rẹ̀ dúró. Àìsàn náà padà, ó sì di dandan kí wọ́n dá a padà sí ilé ìwòsàn.

Bí mo bá dúró síbí, ẹ ó rò pé ìwàásù "ẹ lo oògùn yín" ni mò ń ṣe. Ìtàn náà kò parí síbẹ̀. Cade tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1949. Ní 1950, ọkùnrin kan náà yìí kú, lithium tó pọ̀ jù nínú ara rẹ̀ ló sì pa á. Oògùn tó mú un lára dá ni. Ìwọ̀n tó ń wo ènìyàn sàn àti ìwọ̀n tó ń pa ènìyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan ara wọn. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, ní 1949, àwọn tó ń lo lithium dípò iyọ̀ ọbẹ̀ kú, ìjọba sì ní kí wọ́n kó o kúrò lọ́jà.

Ohun tó gba lithium là ni pé Edward Trautner àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Melbourne bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ẹ̀jẹ̀ wò láti mọ iye lithium tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n fi hàn ní 1951 pé bí a bá ń wọ̀n ọ́n báyìí, a lè lò ó láìséwu. Mogens Schou ní Denmark tẹ̀ síwájú láti 1954. Amẹ́ríkà kò fọwọ́ sí i títí di 1970. Ọdún mọ́kànlélógún ni láti ọjọ́ tí Cade ti kọ̀wé.

Àwọn yòókù náà rin ọ̀nà jíjìn

Ní Paris, 1952, Jean Delay àti Pierre Deniker bẹ̀rẹ̀ sí í fi chlorpromazine tọ́jú aláìsàn ọpọlọ. Ariwo rọlẹ̀ nínú wọ́ọ̀dù. Ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn mìíràn ń gbọ̀n, ara wọn ń le bíi ti arúgbó, àwọn mìíràn kò lè jókòó sójú kan.

Ní Switzerland, wọ́n fún Roland Kuhn ní imipramine kí ó dán an wò lára àwọn tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Kò ṣe wọ́n lóore, ó tilẹ̀ mú kí àwọn kan le sí i. Kuhn kò jù ú nù. Ní 1956, ó dán an wò lára àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń dà láàmú, ibẹ̀ ni iṣẹ́ oògùn náà sì wà. Nígbà tó sọ ọ́ níbi ìpàdé àgbáyé ní Zurich ní 1957, àwọn tó jókòó gbọ́ ọ kò ju nǹkan bí méjìlá lọ.

Clozapine ni ti ìkẹyìn. Ní 1975, àwọn aláìsàn kan kú ní Finland nítorí pé ó pa sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ wọn run. Wọ́n kó o kúrò lọ́jà ní ibi púpọ̀. Ní 1988, ìwádìí fi hàn pé ó ń ran àwọn tí oògùn mìíràn kò ràn lọ́wọ́. Ó padà, pẹ̀lú òfin pé a gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ń lò ó wò.

Irú sùúrù wo?

A máa ń sọ fún aláìsàn pé, "Ṣe sùúrù," bí ẹni pé kó dákẹ́ ni. Ohun tí mo rí nínú ìtàn yìí kọ́ nìyẹn. Ẹni tó ní sùúrù níbẹ̀ ń wọ̀n, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó ń sọ ọ́ jáde, ó sì ń yí i padà bó bá yẹ. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ̀sọ̀ kì í sì í ṣe ìdákẹ́jẹ́.

Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, nígbà mìíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí iṣẹ́ rẹ̀ tó hàn. Wàhálà rẹ̀ a sì máa ṣáájú oore rẹ̀ dé. Nínú ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú nǹkan bí 4,000 ènìyàn, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2006, àwọn tí oògùn àkọ́kọ́ wò sàn pátápátá kò ju bí ẹnì kan nínú mẹ́ta lọ. Nítorí náà, bí ti àkọ́kọ́ kò bá bá ọ lára mu, kì í ṣe pé orí rẹ burú. Ara wa kò rí bákan náà, bí ẹ̀dọ̀ ẹnì kan ṣe ń lo oògùn kọ́ ni ti ẹnì kejì rẹ̀ ń lò ó.

Mo sọ gbogbo èyí fún ọ̀rẹ́ mi. Mo tún sọ fún un pé kí ó má ṣe dá oògùn dúró tàbí kí ó tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ó padà lọ bá dókítà. Bí èrò pé kí ó pa ara rẹ̀ bá wá sí i lọ́kàn, kí ó má dúró de ọjọ́ àpéjọ, kí ó jí mi lóru.

Ó padà lọ. Wọ́n dín ìwọ̀n rẹ̀ kù, wọ́n ní kí ó máa lò ó lálẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ sí òmíràn. Kò tíì sọ fún mi pé ara òun ti yá tán. Ṣùgbọ́n ó ní ìwé kékeré kan báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, tó ń kọ bó ṣe sùn sí, bí ẹnu rẹ̀ ṣe gbẹ sí, àti ọjọ́ tó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí dókítà bi í pé báwo ni, ìwé yẹn ló ṣí.