Ìwé Ìpè Ìgbéyàwó ní Ọ̀tà
Kí ìwé tó dé, ẹnu ni àwọn Àwórì Ọ̀tà fi ń pe ará àti ojúlùmọ̀ sí ìgbéyàwó. Ní 1859, Henry Townsend fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé gbé Ìwé Ìròhìn jáde ní Abẹ́òkúta. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé gbilẹ̀ lẹ́yìn náà, ìpè ìgbéyàwó sì di ohun tí à ń tẹ̀ sórí páálí. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ pọ̀ ní Ṣàngó Ọ̀tà, òṣìṣẹ́ wá láti ọ̀nà jíjìn. Èmi náà ti fi ìwé ìpè rán awakọ̀ sílé rí. Lónìí, fóònù ń gbé e dé kíá. Síbẹ̀, àgbà tí a kò fẹsẹ̀ rìn lọ bá kò gbà pé a pe òun. Lójú tèmi, ìwé ń sọ ọjọ́. Ènìyàn ló ń pe ènìyàn.