Obì Gbànja àti Oníbodè

Kò sí ẹni tí ń jẹ obì tí kò mọ gbànja, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wa ni ó mọ̀ pé orúkọ ilẹ̀ kan ni obì náà ń jẹ́. Gonja ni ilẹ̀ náà, ní ìhà àríwá Gánà. Inú igbó Àṣáńtì ni a ti ń ká a. Ní Sàlágà, ọjà ńlá ilẹ̀ Gonja, ni àwọn oníṣòwò Haúsá ti ń rà á, tí wọn a sì fi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rù ú títí dé Kánò. Aṣọ, awọ àti káún ni wọ́n ń kó lọ. Obì kò fẹ́ oòrùn, kò sì fẹ́ kí ara rẹ̀ gbẹ. Ewé tútù ni wọ́n fi ń dì í, wọn a sì máa tú u wò lọ́nà, kí èyí tí kòkòrò ti mú má baà ran ìyókù. Olè wà lọ́nà, ogun wà, àwọn ìlú sì ń gba owó ibodè. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá san tirẹ̀ a kọjá.

Kí ọ̀rúndún 19 tó parí, àwọn Gẹ̀ẹ́sì, Jámánì àti Faransé ti pín ọ̀nà náà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ojú irin tí wọ́n là dorí kọ èbúté. Kò sí ọ̀kan tí ó so Ákrà mọ́ Èkó. Ni obì bá gba orí òkun wá sí Èkó, kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Kánò. Nígbà tí ó yá, àwọn àgbẹ̀ Agége gbin gbànja tiwọn.

Àwọn amúnisìn lọ, ibodè kò lọ. Ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún, 1975, orílẹ̀-èdè 15 fọwọ́ sí ìwé ECOWAS ní Èkó; ní 1979, wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé kí irè oko máa kọjá láìsan owó orí. Ní ọjọ́ 7 oṣù Keje, 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí àdéhùn òwò gbogbo Áfíríkà ní Niamey. Kí oṣù Kẹjọ tó parí, Nàìjíríà ti ti ibodè orí ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ ẹrù, kò sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣí i títí di oṣù Kejìlá, 2020. Àwa kò sọ pé kò ní ìdí: ìrẹsì fàyàwọ́ ń wọlé láti Kútọnu. Ṣùgbọ́n Éṣíà ni ìrẹsì náà ti wá, ọ̀pẹ̀ òyìnbó àgbẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni ó sì jẹrà.

Ákrà ni ilé iṣẹ́ àdéhùn náà wà báyìí, ní Gánà tí gbànja ti wá. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 29 oṣù Kìn-ín-ní, 2025, Málì, Burkina Faso àti Niger, ilẹ̀ màlúù àti àlùbọ́sà, kúrò nínú ECOWAS. Ní ọjọ́ náà gan-an ni ECOWAS ní kí ẹrù wọn ṣì máa kọjá bí ti àtẹ̀yìnwá. Àbújá ni a ti pa àṣẹ náà. Ohun tí àwa ń fẹ́ gbọ́ ni ohun tí oníbodè ń wí fún awakọ̀ tí ó kó àlùbọ́sà Galmi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lóru.