Ahá Àkọ́kọ́: Ìtọ́wò Ẹmu ní Ilẹ̀ Èkìtì

Ní Adó-Èkìtì àti ní àwọn ìlú tí ó wà nítòsí rẹ̀, bí Ìyìn àti Ìfàkì, ẹmu ọ̀pẹ ti jẹ́ ohun tí a fi ń gba àlejò láti ayébáyé. Bí àwọn ọ̀rẹ́ bá péjọ sí ilé ẹnì kan ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìsinmi, tí wọ́n jẹ iyán tán, a ó gbé agbè ẹmu síwájú wọn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò nawọ́ gba ahá kí ẹni tí ó gbé ẹmu náà kalẹ̀ tó kọ́kọ́ bu tirẹ̀ mu. Lójú àjèjì, èyí lè dà bí ìwọra. Lójú ọmọ ilẹ̀ yìí, ìwà ọmọlúàbí gan-an ni.

Ìdí méjì ni ó wà fún un. Èkíní ni pé ẹmu kì í dúró lójú kan. Nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kán sínú akèrègbè, ó dùn bí omi ṣúgà. Láìpẹ́, ìwúkàrà á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ adùn náà di ọtí. Ẹmu á máa hó, á sì máa le sí i. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, ó ti ń kan. Nítorí náà ni ẹni tí ó mọ ẹmu mu fi ń béèrè ìgbà tí adẹ́mu dá a. Bí wọ́n bá sì bu omi là á, ahọ́n rẹ̀ á sọ fún un. Ìdí kejì ni ó wúwo jù: ẹni tí ó mu ahá àkọ́kọ́ ń fi ara rẹ̀ ṣe ẹ̀rí pé kò sí májèlé níbẹ̀.

Àwọn baba wa kò ka ọtí sí ohun eré. Ìtàn ìṣẹ̀dá sọ pé ẹmu ni ó pa Ọbàtálá tí ó fi sùn lọ, tí Odùduwà sì gba iṣẹ́ dídá ilẹ̀ ayé mọ́ ọn lọ́wọ́. Títí di òní, èèwọ̀ ni ẹmu fún àwọn olórìṣà funfun.

Ìgbà tí ọtí inú ìgò dé ni nǹkan yí padà. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, jíìnì láti Jámánì àti Họ́láǹdì ń gba Èkó wọlé. A fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ogun Kírìjì ní ọjọ́ 23 oṣù Sẹ́tẹ́ńbà ọdún 1886. Ní ọdún 1893 àwọn ọmọ-ogun tú ká, ọ̀nà òwò sì là. Ọtí tí ó wá báyìí, ẹni tí ó pọn ọ́n kò sí láàárín àwọn tí ń mu ún. Àdéhùn Saint-Germain-en-Laye ti ọdún 1919 fi òfin de kíkó ọtí líle olówó pọ́ọ́kú wọlé, ó sì ka pípọn ọtí líle níhìn-ín léèwọ̀. Àwọn tí ń fi iná sè ẹmu di ògógóró wá ń ṣe é nínú igbó. Ohun tí a sì ṣe ní kọ̀rọ̀, ta ni yóò tọ́ ọ wò ní gbangba?

Ìtàn yìí kò tíì parí. Ní oṣù Ẹ́príìlì ọdún 2015, ní agbègbè Ìrèlè, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó tí Èkìtì wà nínú rẹ̀ títí di ọdún 1996, ojú àwọn ènìyàn kan ń fọ́ lójijì, ó sì ju ènìyàn 15 lọ tí ó kú. A kọ́kọ́ fura sí oògùn apakoríko. Lẹ́yìn náà ni a rí i pé methanol inú ògógóró ni. Òótọ́ ni pé ahọ́n kò lè dá methanol mọ̀, àti pé ọ̀pọ̀ wákàtí lè kọjá kí ìpalára rẹ̀ tó hàn. Ṣùgbọ́n agbára àṣà náà kò sí nínú ahọ́n nìkan. Ẹni tí ó mọ̀ pé òun ni yóò kọ́kọ́ mu, tí gbogbo àdúgbò sì mọ ilé rẹ̀, yóò ṣọ́ ohun tí ó ń gbé kalẹ̀.

Ní ilẹ̀ Faransé pẹ̀lú, olùgbàlejò ni a kọ́kọ́ ń bu wáìnì díẹ̀ fún kí ó tọ́ ọ wò. Lónìí, wáìnì àti bíà ti bá ẹmu dé orí tábìlì ní Adó. Kò sí ohun tí ó burú nínú èyí, bí a kò bá gbàgbé ohun tí ahá àkọ́kọ́ dúró fún. Àwọn adẹ́mu àgbà ń lọ. Ó yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ tọ̀ wọ́n lọ ní abúlé, kí wọ́n sì kọ ìmọ̀ wọn sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.